Ìjókòó Màmá Nínú Ọkọ̀ Mi Kékeré

Òórùn awọ tuntun ni. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń ta báàgì kọjá ní Dùgbẹ̀, tí òórùn yẹn bá fẹ́ sí mi nímú, inú á kọ́kọ́ bí mi díẹ̀ kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Òórùn inú jíìpù àbúrò mi ni. Àárọ̀ Sọ́ńdè kan ló gbé e wọ àgbàlá wa ní Bódìjà, nígbà tí mo ṣì ń fi àkísà nu ọkọ̀ tèmi, tí Màmá ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, tí wọ́n jókòó sí bàráńdà, tí wọ́n gbé Bíbélì lé itan. Jíìpù náà dúdú, ó ga, ó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré, ó ní, “Màmá, mo ti rà á o. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ yín.” Ọkọ̀ yín! Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o gbọ́ bó ṣe wí i? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi rèé, àkísà wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ó sì ń kán omi sí mi lẹ́sẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Màmá ṣe rí, kí o lè mọ ibi tó ti dùn mí. Àwa méjì péré ni wọ́n bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin yìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe ọmọge, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pàdé bàbá wa. Nígbà tí bàbá wa kú, tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Màmá lẹ́nu, èmi ni mo lọ kó wọn wá sí Bódìjà, torí Abùjá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ilé sì tóbi fún èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bàbá wa ni mo jọ. Imú wọn ni mo gbé, ìrìn wọn ni mo ń rìn, agídí wọn ni mo jogún. Màmá fúnra wọn kì í yé sọ ọ́: “Bàbá rẹ lo jọ, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà.

Ọkọ̀ mi, òun náà ni mo ṣì ń wà, kékeré ni, irú èyí tí ìdí rẹ̀ gé kúrú, tó ń lo epo, tó sì tún ń lo iná bátìrì. Háíbíríìdì ni wọ́n ń pè é. Tòkunbọ̀ ni, mo rà á nígbà tí epo gbówó lórí tí gbogbo wa ń pariwo. Bí a bá ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á pa ara rẹ̀, á dákẹ́ rọ́rọ́, bátìrì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tó ń gbé iwájú ilé wa kì í jẹ́ kí n gbádùn: “Madam, ṣé ó ti sitáàtì ni, àbí kí n wá bá yín tì í?”

Iwájú ni Màmá máa ń jókòó, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba orúnkún wọn. A ti ìjókòó yẹn sẹ́yìn débi tí kò lè lọ mọ́, ọmọ tó bá sì jókòó sẹ́yìn wọn á ká ẹsẹ̀ mọ́ra bí ẹni ń gba òtútù. Báàgì Màmá á wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, agbòòrùn á há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìgúnpá wọn á máa kan tèmi bí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀. Láti Bódìjà, kọjá Sẹkitéríàtì, títí dé Mọ́kọ́lá, wọn ò ní pa ẹnu dé. Wọ́n á ní igbó ni ibí yìí tẹ́lẹ̀. Ọmọ oníbúrẹ́dì kan gbé ibẹ̀ yẹn rí, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó máa ń jalè. Bí a bá dé Mọ́kọ́lá, ibi ilé alájà kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, wọ́n á nawọ́: “Òjò yẹn, Àbẹ̀kẹ́, òjò yẹn!” Abẹ́ òrùlé ilé yẹn ni wọ́n ti sá fún òjò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí bàbá wa. Bàbá wa ní agbòòrùn, àwọn kò ní. Wọ́n jọ wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn náà máa ń parí sí. Mo ti gbọ́ ọ débi pé ó ti sú mi, nígbà mìíràn mo máa ń tan rédíò lé wọn lórí.

Ó dáa, jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ jíìpù. Àbúrò mi ní, “Sístà mi, ẹ wọlé kí ẹ jókòó wò.” Mo ní rárá, aṣọ mi tutù. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á, mo wọlé. Ọ̀rẹ́ mi, àyè wà níbẹ̀! Mo na ẹsẹ̀, kò kan nǹkan kan. Nínú ọkọ̀ tèmi, ìkúùkù kan ni àlàfo tó wà láàárín orúnkún ẹni tó jókòó sẹ́yìn àti ìjókòó iwájú. Nínú tirẹ̀, èèyàn lè tẹ́ ẹní síbẹ̀ kó fọ́mọ lọ́mú. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lókè, ó ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìjókòó yẹn, ìjókòó mìíràn tún wà, lẹ́yìn ìyẹn ni búùtù tó lè gba ẹrù ọjà Bódìjà odidi oṣù kan. Búùtù tèmi, bí a bá ti gbé àpò gààrí sí i, tòmátì á wà lórí itan ọmọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń fọwọ́ ra awọ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ọ̀kan: ó ga. Màmá tí orúnkún ń dùn, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gùn ún? Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ nígbà tí àbúrò mi ṣí búùtù tó gbé àpótí kan jáde. Àpótí onígi ni, ó ní kí káfíńtà kàn án, ó wá fi kápẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó di ọwọ́ Màmá mú, Màmá sì gùn ún wọlé bí ẹni gun àkàsọ̀ ilé wọn. Mo jowú jíìpù yẹn o, ṣùgbọ́n mo jowú àpótí yẹn jù ú lọ, torí owó lásán kọ́ ló kan àpótí. Ẹnìkan ti jókòó níbìkan tó ń ro orúnkún ìyá mi, ẹni náà kì í sì í ṣe èmi.

Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló gbé wọn sí. Ìwọ náà mọ̀ pé nílùú wa, ibẹ̀ ni ìjókòó ọlọ́lá, igun ẹni tó ni ọkọ̀, ọ́nà kọ́nà tí à ń wí. Ẹni ńlá kì í jókòó síwájú, iwájú wà fún ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ tàbí ẹni tó ń bá a gbé báàgì. Àbúrò mi pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́, ó lọ síwájú, ó wà á lọ bí dírẹ́bà olówó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, kóòtù rẹ̀ ló tẹ́ síbẹ̀, torí kò tíì fẹ́yàwó. Màmá juwọ́ sí mi láti inú gíláàsì dúdú, fìrí ni mo rí ọwọ́ wọn.

Báyìí ló di àṣà. Gbogbo Sọ́ńdè ni jíìpù á dé. Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé Olúyọ̀lé ni àbúrò mi ń gbé, ó ń ṣe máníjà ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wà ní Dùgbẹ̀. Ó ní láti gba Ring Road, kó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, kó wá gbé Màmá ní Bódìjà, kó tún wà wọ́n padà sí Dùgbẹ̀. Mo ní ṣekárími ni. Kí ló tún lè mú èèyàn kọjá ibi tó ń lọ, bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ kí aládùúgbò rí jíìpù? Bàbá iwájú ilé wa sì rí i, kò yọ mí sílẹ̀: “Madam, Màmá ti já yín jù sílẹ̀ o!” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dé ọ̀fun mi.

Kò pẹ́, àwọn ọmọ mi náà ní jíìpù làwọn fẹ́ wọ̀, tẹlifíṣọ̀n kékeré wà lẹ́yìn ìjókòó. Ó wá ku èmi nìkan, tí mò ń wa ọkọ̀ kékeré tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, tí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣì wà níbi tí a tì í sí, sẹ́yìn pátápátá. Bí a bá dúró ní Mọ́kọ́lá, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́, gbogbo inú ọkọ̀ á sì pa lọ́lọ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ yẹn dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí pé láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni Màmá ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo tan rédíò, mo pa á. Mo wo ilé alájà yẹn, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún mi.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá lọ jókòó ti Màmá, màá máa fi ọgbọ́n wádìí.

“Màmá, jíìpù ńkọ́?”

“Ó dára o. Ẹsẹ̀ mi nà gbọọrọ. Oorun ni mo sùn dé ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ṣé ó dára ju tèmi lọ?”

“Àbẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ni méjèèjì.”

Ìdáhùn tíṣà nìyẹn. Mo ra tìmùtìmù sí ìjókòó iwájú, mo ra èyí tí wọ́n ń fi sí ọrùn. Mo ra lọ́fínńdà ọkọ̀ tí wọ́n ní òórùn rẹ̀ dà bí ti ọkọ̀ tuntun, mo fi kọ́ ibi dígí. Ọjọ́ tí Màmá wọlé, wọ́n sín láti ilé títí a fi dé Baṣọ̀run, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún wọn, wọ́n ní ta ló da káńfọ̀ sínú ọkọ̀. Baṣọ̀run yẹn nìkan ló kù tí mo ń gbé wọn lọ, ní ọjọ́ Wẹ́sídeè. Kò sì jìnnà sí wa rárá. Kí Màmá tó rí ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, a ti dé.

Sọ́ńdè kan wá dé tí jíìpù wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àbúrò mi gun kẹ̀kẹ́ Màrúwà wá sí Bódìjà, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n gbé àwọn. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Màmá padà sí ìjókòó wọn níwájú, àbúrò mi há sẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Ó ga bí òpó iná, orí rẹ̀ ń kan òkè ọkọ̀, orúnkún rẹ̀ sún mọ́ àgbọ̀n. Mo ní, “Àbúrò mi, na ẹsẹ̀ rẹ dáadáa o, má fi ara ni ara rẹ.” Àwọn ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín.

A ò tíì kúrò ní àdúgbò tí Màmá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú wọn láti ọjọ́ yìí ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Wọ́n sọ ti igbó, wọ́n sọ ti ọmọ oníbúrẹ́dì. Ní Mọ́kọ́lá, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, Màmá nawọ́: “Òjò yẹn!” Mo ń gbádùn ara mi, mo ń dá ọ̀rọ̀ sí i níbi tó yẹ, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n sórí. Mo gbójú sókè wo dígí. Àbúrò mi ti yọ orí sáàárín ìjókòó méjèèjì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Nígbà tí a dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá àti àwọn ọmọ ti wọlé, àbúrò mi sì jókòó sẹ́yìn níbẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀.

“Sístà mi, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bí rédíò.”

Ó ní, “Nínú ọkọ̀ tèmi, ‘Ó ṣeun, ọmọ mi’ ni. Lẹ́yìn náà, oorun. Mo máa ń wò wọ́n nínú dígí, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn gbé. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọn kì í jẹ. Èmi kàn ń fi owó ránṣẹ́ bí àlejò. Mo ní bí mo bá ra ọkọ̀ tó láyè, tí mo ń wá gbé wọn, èmi náà á ní tèmi. Sístà mi, ẹ má bínú, mò ń jowú yín ni.”

Háà! Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n mí, ẹkún náà fẹ́ gbọ̀n mí. Gbogbo jíìpù gàgàrà tó ń lé oorun lójú mi, ọkọ̀ mi kékeré tí wọ́n ń bi mí pé ṣé kí àwọn bá mi tì ló lé àbúrò mi dé ibi tó ti rà á.

Lójú ẹsẹ̀ náà ni mo mọ ohun tó fà á tí Màmá fi ń sùn. Ó wà lẹ́nu mi. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá gbé e mì, Màmá á máa sùn lẹ́yìn jíìpù lọ bẹ́ẹ̀, ìtàn á sì jẹ́ tèmi nìkan. Má wò mí bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà á rò ó. Ṣùgbọ́n mo wo ọkùnrin gíga tó ká ara rẹ̀ kò sẹ́yìn ọkọ̀ mi, mo rántí àpótí onígi yẹn.

“Gbé wọn síwájú,” mo ní.

“Síwájú kẹ̀! Ìyá tó bí mi? Ibi tí wọ́n ń gbé ọlọ́pàá sí? Kí làwọn èèyàn á wí?”

“Wọn ò rí Mọ́kọ́lá láti ẹ̀yìn yẹn, gíláàsì rẹ dúdú. Wọn ò sì gbọ́ ohun tí ò ń sọ. Kò sí ẹni tó ń bá ẹ̀yìn orí dírẹ́bà tàkúrọ̀sọ.”

“Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?”

“Ọmọ wọn ló gbé wọn sí ibi ọlá. Ìyá wo ló máa ní òun ò jókòó?”

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, jíìpù dé, àpótí jáde, Màmá sì gun iwájú. Àwọn ọmọ mi ló jókòó sí ibi ọlọ́lá lẹ́yìn. Mo wa ọkọ̀ mi tẹ̀lé wọn. Ní Mọ́kọ́lá, ọkọ̀ pọ̀, mo bá ara mi lápá ọ̀tún wọn gẹ́lẹ́. Gíláàsì Màmá wà nílẹ̀, ọwọ́ wọn jáde síta, wọ́n ń tọ́ka sí ilé alájà. Wọn ò rí mi, ibi tí wọ́n wà ga jù. Ẹ́ńjìnnì mi dákẹ́, gíláàsì mi náà sì wà nílẹ̀, ohùn Màmá ń bọ̀ láti òkè bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

“Mi ò ní nǹkan kan í ṣe ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà,” wọ́n ní. “Sábó ni mò ń lọ. Bàbá rẹ ní Dùgbẹ̀ lòun ń lọ, mo ní Dùgbẹ̀ lèmi náà ń lọ. Irọ́ funfun! Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà nínú òjò.” Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín kíkankíkan. Màmá gbá a léjìká. “Máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó ò ń kọjá ṣọ́ọ̀ṣì kí o tó wá gbé mi, o rò pé mi ò mọ̀? Èmi gan-an lo jọ.”

Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi fun fèrè títí, mi ò lọ. Apá yẹn, wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Gbogbo ìgbà tí mo ti gbọ́ òjò yẹn, tí mo ti kà á sórí, ìdajì ni wọ́n fún mi. Odidi ni wọ́n sì fún un ní ọjọ́ kìíní tó gbé wọn síwájú, èmi ni mo sì ní kó gbé wọn síwájú! Wọ́n tún ní àwọn gan-an ni àbúrò mi jọ. Owú tó mú mi lọ́jọ́ náà, kékeré ni ti jíìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ ohun tí wọ́n wàásù.

Wẹ́sídeè dé. Mo gbé Màmá kúrò nílé, mo dé oríta tó yẹ kí n ti yà sí Baṣọ̀run, mi ò yà. Mo kọrí sí Mọ́kọ́lá. Mi ò pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi ló kàn lọ síbẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́,” Màmá ní, “ṣé wọ́n ti kó Baṣọ̀run wá sí Mọ́kọ́lá ni?”

“Wọ́n ń tún ọ̀nà ibẹ̀ yẹn ṣe ni, Màmá.”

Wọ́n wò mí. Mo tẹjú mọ́ títì. A dé ibi tí ọkọ̀ ti pọ̀, ẹ́ńjìnnì pa ara rẹ̀, inú ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ìgúnpá wọn sì ń kan tèmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń gbọ̀n wọ́n léjìká.

“Ìwọ náà?” wọ́n ní. “Mo rò pé bàbá rẹ lo jọ ni.”

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò tíì ra jíìpù, mo sì ṣì máa ń wo ti àbúrò mi tìlara-tìlara bó bá ń jáde ní géètì wa, mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Àyè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí èmi àti àbúrò mi ń dù mọ́ ara wa lọ́wọ́ kò tóbi ju ìjókòó kan ṣoṣo lọ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀, níbi tí ìgúnpá ti lè kan ìgúnpá. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá nu ojú wọn, wọ́n tún báàgì gbé sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n nawọ́ sí ilé alájà. “Òjò yẹn,” wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan rédíò.